Ìjàpá tó ń fà sósì: ṣé ká yí camber ni, àbí ká wá irin tó tẹ̀?

Adéọlá 67: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Volkswagen Ìjàpá ọdún 1967 ni mò ń tún ṣe. Gbogbo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì iwájú ni mo ti pààrọ̀, tai rọ́ọ̀dù tuntun, ṣọ́ọ̀kì tuntun, taya tuntun. Síbẹ̀, tí eré bá ti kọjá 60, ọwọ́ òsì ló ń fà sí. Ìwé aláínmẹ́ǹtì tí wọ́n fún mi rèé, dígírì ni gbogbo rẹ̀: òsì, camber (bí orí wíìlì ṣe tẹ̀ síta) 1.4, caster (bí ìlà tí wíìlì ń yà lé lórí ṣe tẹ̀ sẹ́yìn lókè) 2.1; ọ̀tún, camber 0.6, caster 3.4. Toe, ìyẹn bí iwájú wíìlì méjèèjì ṣe súnmọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ, wà ní àyè rẹ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní kí n yí camber òsì wálẹ̀, kí n máa lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Irin: Òótọ́ ló sọ. Lórí Ìjàpá oní-bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, búṣì kan wà lórí jọ́ìǹtì òkè tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gan-an. Ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ fi sípánà yí búṣì náà, camber á sọ̀kalẹ̀. 0.5 ni Volkswagen fẹ́, ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta dígírì lé tàbí kó fi dín. Iṣẹ́ kékeré ni.

Ìyá Gáréèjì: Ọmọ Irin, tún wo caster yẹn. Nǹkan bíi 3.3 ló yẹ kó jẹ́, wọ́n sì gba dígírì kan sókè sódò. 2.1 ti bọ́ síta. Ẹ̀gbẹ́ tí camber ti pọ̀ ju ìkejì lọ ni ọkọ̀ ń fà sí. Ẹ̀gbẹ́ tí caster ti kéré náà ló ń fà sí. Nínú ìwé yìí, méjèèjì forí kò sí òsì. Tó bá yí camber nìkan, ó ti tún nọ́ḿbà ṣe, kò tíì tún ọkọ̀ ṣe.

Táyélolú: Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, ẹ gbé taya òsì iwájú sí ọ̀tún, ti ọ̀tún sí òsì. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ọ̀tún, taya ni, tuntun o, ògbó o. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé iwájú, ẹ fọwọ́ yí wíìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí bíréèkì tó di wíìlì kan mú á fa ọkọ̀ bákan náà. Ẹ wo afẹ́fẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, kì í ṣe iye kan náà la ń fún iwájú àti ẹ̀yìn. Fún taya radial, nǹkan bíi psi 18 níwájú, 27 lẹ́yìn. Àwọn kan á fún gbogbo rẹ̀ ní 30, ọkọ̀ á wá máa rìn gbéregbère.

Adéọlá 67: Mo ti pààrọ̀ taya, òsì náà ló ṣì ń fà sí. Wíìlì ń yí dáadáa, afẹ́fẹ́ pé.

Àjàní K.: Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sítíárìn tuntun sí i. Èmi lò ó, ọkọ̀ mi dúró ṣinṣin.

Ìyá Gáréèjì: Bọ̀dá Àjàní, ẹ má bínú. Ìgbọ̀nrìrì ni ṣọ́ọ̀kì yẹn ń pa. Kò lè sọ fún ọkọ̀ pé kó má yà sósì.

Bàbá Ṣáásí: Iwájú ṣáásí Ìjàpá, níbi tí wọ́n ti fi bóòtù de páìpù méjèèjì tó gbé ẹsẹ̀ iwájú, máa ń jẹrà láti inú. Ẹ yọ gbogbo ẹsẹ̀ iwájú, ẹ fi òmíràn sí i.

Ìyá Gáréèjì: Bàbá, mo mọ ìpẹtà yẹn, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló tẹ̀ síwá tàbí sẹ́yìn, caster òsì àti ọ̀tún ni ì bá jọ yí padà. Ọ̀tún wà ní 3.4. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ká wò.

Adéọlá, padà lọ bá ẹ̀rọ. Ní kí wọ́n wọ̀n SAI fún ọ, ìyẹn bí ìlà tó so jọ́ìǹtì òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ ṣe tẹ̀ sínú. Ro SAI pọ̀ mọ́ camber lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ òsì àti ọ̀tún bá yàtọ̀, irin tó gbé wíìlì fúnra rẹ̀ ló wọ́. Bí wọ́n bá dọ́gba, irin yẹn tọ́, jọ́ìǹtì kan ló kúrò níbi tó yẹ kó wà. Èmi fura sí apá ìsàlẹ̀, irin tó di jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ mú. Tí wíìlì bá ti gbá etí ọ̀nà rí, apá yẹn lè tẹ̀ sínú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Sínú ń gbé camber ga, sẹ́yìn ń jẹ caster. Ohun tí ìwé rẹ ń sọ gan-an nìyẹn.

Ọmọ Irin: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń sáré. Búṣì òkè yẹn ní àmì kan létí, iwájú ọkọ̀ ló yẹ kí àmì náà kọjú sí. Bí ẹni tó fi jọ́ìǹtì tuntun sí i bá yí i kúrò níbẹ̀, camber á yí, SAI kò ní yí, àpapọ̀ méjèèjì á sì yàtọ̀ láìjẹ́ pé irin kankan wọ́. Ìṣirò yín kò lè ya búṣì tó yí sọ́tọ̀ kúrò lára irin tó wọ́.

Ìyá Gáréèjì: Mo gba ìyẹn. Kó fojú wo àmì náà kó tó tú ohunkóhun.

Adéọlá 67: Mo ti wò ó. Àmì méjèèjì kọjú síwájú. Wọ́n sì ti wọ̀n SAI: òsì fi 0.8 kéré sí ọ̀tún.

Táyélolú: Camber òsì sì fi 0.8 ju ọ̀tún lọ. Àpapọ̀ dọ́gba.

Ìyá Gáréèjì: Apá ni. Yọ apá ìsàlẹ̀ tòsì, tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ tó tẹ́jú pẹ̀lú òmíràn tó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná tọ́ ọ fún ọ. Irú apá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbóná tẹ̀.

Ọmọ Irin: Mo ṣì sọ pé ẹlòmíì lè fi pátákó irin tín-ín-rín sáàárín páìpù ìsàlẹ̀ àti ṣáásí kí caster lè gòkè.

Bàbá Ṣáásí: Òsì àti ọ̀tún ni ìyẹn ń gbé. Ìyàtọ̀ àárín wọn á wà bó ṣe wà.

Adéọlá 67: Mo ti rí apá kan rà. Tí mo bá fi sí i tán, èwo ni kí n kọ́kọ́ tò?

Ìyá Gáréèjì: Fi àpótí sítíárìn sí àárín rẹ̀ gan-an, kí o tò camber, kí toe gbẹ̀yìn, torí tí camber bá yí, toe náà á yí. Ìdajì dígírì ni toe fún méjèèjì pọ̀. Lórí rímù íǹṣì 15, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 3.3: iwájú rímù sí iwájú rímù ló máa fi kéré sí ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láti orí jáàkì, tì í síwájú sẹ́yìn dáadáa kí o tó wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jókòó, irọ́ ni nọ́ḿbà tí o máa rí.