Ta Ló Ní Kí Earth Rédíò Dá Wà Lọ́tọ̀?

Ríwáyà tó wá gbé rédíò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú afẹ́fẹ́, sórí òrùlé àbúrò mi tún ti sọ ọ́: "Ọ̀gá, earth ti rédíò gbọ́dọ̀ dá dúró o. Tó bá fara kan ti ilé, àrá á gbabẹ̀ wọlé." Earth ni wáyà àti ọ̀pá irin tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kí iná tó ṣáko lè gbabẹ̀ wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́, ráútà wọn ò sì yéé kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àrá kan lè gbé iná tó tó ampere 30,000 wá. Ká ní 10,000 péré nínú rẹ̀ ló gba ọ̀pá earth ìdí rédíò wọlẹ̀, tí ìdènà tí ọ̀pá náà ń ṣe fún iná sì jẹ́ ohm 10, èyí tí ríwáyà yín á máa fi yangàn. Ẹ sọ 10,000 di ìlọ́po mẹ́wàá: volt 100,000 ti gun ọ̀pá yẹn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá earth ti ilé, tó wà lẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún, ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Kí ló wá so ìhà méjèèjì pọ̀? Wáyà LAN tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ara rédíò orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ráútà ni. Volt 1,500 sì ni wọ́n ṣe póòtù rẹ̀, ihò tí wọ́n ń ki wáyà náà bọ̀, kó lè fara dà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé àrá á gba wáyà earth wọlé, kó kọ́kọ́ yọ wáyà LAN náà dànù.

Èmi ni mo máa ń tú wọn. Wọ́n á gbé ráútà wá, iná rẹ̀ ń tàn, sítébíláísà ò ṣe nǹkan kan, àmọ́ póòtù LAN ò dáhùn. Tí mo bá ṣí i, àpótí dúdú kékeré tó wà lẹ́yìn póòtù, ìyẹn tọ́ńsífọ́mà rẹ̀, á ti là, òórùn jíjóná á ṣì wà lára bọ́ọ̀dù. Ṣé iná NEPA ló ṣe ìyẹn?

Wọ́n tún máa ń ní ìdí tí earth rédíò fi gbọ́dọ̀ dá wà ni kí ariwo inú iná jẹnẹrétọ̀ má baà da nẹ́tíwọọ̀kì rú. Ṣebí iṣẹ́ tọ́ńsífọ́mà póòtù yẹn náà nìyẹn, láti dí ariwo bẹ́ẹ̀.

Ẹ ri ọ̀pá méjì, ẹ ri mẹ́ta pàápàá, àmọ́ ẹ fi wáyà kọ́pà tó nípọn, 16 mm², so gbogbo wọn pọ̀, kí volt orí wọn lè jọ gòkè, kó jọ sọ̀ kalẹ̀. NEC, ìlànà wáyà àwọn ará Amẹ́ríkà, fi dandan lé síso wọn pọ̀. Tí àrá bá bọ́ lé òpó tí wọ́n gbé rédíò lé gan-an, rédíò náà lè lọ, mi ò jiyàn. Nítorí ráútà, ẹ fi surge arrester, ohun tó ń darí iná àrá lọ sínú earth, síbi tí wáyà LAN ti fẹ́ wọlé, kí wáyà earth rẹ̀ kúrú, kó sì lọ tààrà, kó má ṣe ká kọ́lọkọ̀lọ.