Kókó Inú Ọkàn: Àwòrán Ni Kí Èkìtì Kọ́kọ́ San Owó Rẹ̀

Bí obìnrin kan ní Ìkọ̀lé kò bá lè gún iyán alẹ́ tán mọ́ kí ó má jókòó mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú, àwọn ará ilé yóò ní ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ilé-ìwòsàn yóò sì fún un ní oògùn tí ń mú kí omi ara jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kókó tó hù sínú ọkàn a máa ṣe aláìsàn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà nìkan kò sì tó láti fi mọ ìyàtọ̀.

Jẹjẹrẹ tó ti inú ọkàn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èyí tó ti ọmú tàbí ẹ̀dọ̀fóró ràn débẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Nínú kókó mẹ́rin tó bá sì ti inú ọkàn bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi mẹ́ta kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Myxoma wà lára wọn, èyí tí oníṣẹ́ abẹ Clarence Crafoord yọ ní àyọyọrí ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, ní ọdún 1954, tí iṣẹ́ abẹ sì ń wò sàn títí di òní. Angiosarcoma, jẹjẹrẹ tó ń ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ló burú: kí wọ́n tó rí i, ó sábà máa ń ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró, abẹ àti oògùn jẹjẹrẹ kàn lè fi kún ọjọ́ aláìsàn ni. Ti lymphoma, jẹjẹrẹ tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun bẹ̀rẹ̀, tún yàtọ̀, nítorí oògùn ló ń ká a, kì í ṣe abẹ. Ta ni yóò wá yan ìtọ́jú fún ohun tí kò tíì rí?

A kò ní kí ìjọba kọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ ọkàn sí ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì. Echo, àwòrán ọkàn tí a ń yà láìla àyà, ni a ń béèrè, kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ sì san gbogbo owó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ohun tí a fi dandan gbà lọ́wọ́ ará ìlú yẹ kó lè san owó àwòrán kan.

Àwọn kan yóò ní àrùn tó ṣọ̀wọ́n tó báyìí kò yẹ lóhun tí à ń náwó lé. Ẹ̀rọ kan náà ló ń fi ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bà jẹ́ hàn, àti omi tó yí ọkàn ká, àwọn wọ̀nyí kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Kí owó ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò máa lo ẹ̀rọ náà ṣáájú owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n má baà fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn.