Ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó pe àlejò

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ká mi lára ni bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń polówó lójoojúmọ́ lórí ayélujára nígbà tí ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn ṣì wà ní títì. Wọ́n gbé fídíò síta láàárọ̀, wọ́n gbé òmíràn síta lálẹ́, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé ká tẹ̀lé àwọn, ká bá àwọn pín in. Ẹni tó bá wá tẹ orúkọ wọn kó lè mọ ohun tí wọ́n ń tà, àdúrà àti oríkì ló máa bá níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń tà gan-an? Ibo ni wọ́n wà? Báwo ni èèyàn ṣe máa sanwó? Kò sí níbẹ̀. Àlejò náà á yí padà, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun yà síbẹ̀ rárá.

Èrò ọkàn mi rèé, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: iṣẹ́ orí ayélujára kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí à ń gbé síta. Orí ojú ìwé wa fúnra rẹ̀ (profile) ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ìwé yẹn kò bá lè dáhùn ìbéèrè àjèjì ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i tó ń rí i náà ni àwọn tó ń bínú kúrò níbẹ̀ á ṣe máa pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú Instagram. Ààyè méjì ló wà fún orúkọ níbẹ̀. Ọ̀kan ni orúkọ àkáǹtì tó ní àmì @. Èkejì ni orúkọ tó hàn gàdàgbà lórí bio, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìfihàn kúkúrú tó wà lókè ojú ìwé, èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi ṣòfò. Tí ẹnì kan bá ń wá nǹkan lórí Instagram, ibi orúkọ kejì yìí wà lára ohun tí wọ́n fi máa ń wá a. Aránṣọ tó bá kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìkan síbẹ̀, ẹni tó ń wá aránṣọ lè má rí i láéláé. Kó fi "aránṣọ" àti orúkọ ìlú tó wà kún un. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó kọ ọ́ o, torí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn yí i padà láàárín ọjọ́ 14.

Lẹ́tà 150 ni bio gbà, ó sì tó. Ìlà àkọ́kọ́: ohun tí ẹ ń ṣe àti ẹni tí ẹ ń ṣe é fún. Ìlà kejì: ibi tí ẹ wà, tàbí ibi tí ẹ lè gbé ọjà dé. Ìlà kẹta: ohun tí ẹ fẹ́ kí àlejò ṣe báyìí. Lóòótọ́, láti ọdún 2023 ni Instagram ti ń gba líǹkì tó tó 5, síbẹ̀ mo rọ̀ yín, tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ ti ń dúnàádúrà, ẹ fi líǹkì WhatsApp nìkan síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: wa.me/ kí nọ́ńbà yín sì tẹ̀ lé e. Kóòdù orílẹ̀-èdè ló máa ṣáájú nọ́ńbà náà, láìsí àmì +, láìsí òdo ìbẹ̀rẹ̀, láìsí àlàfo kankan. Òdo yẹn ló máa ń ba líǹkì ọ̀pọ̀ oníṣòwò jẹ́. Wọn kì í sì í mọ̀, torí kò sẹ́ni tó máa ń tẹ líǹkì ara rẹ̀ wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò látorí fóònù ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ iye owó ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. "Ẹ kàn sí wa fún iye owó" ti lé oníbàárà lọ ju bí ọjà ọ̀wọ́n ṣe lé wọn lọ. Ẹni tó fẹ́ rà kò ṣàì ní olùtajà mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn lójú fóònù rẹ̀ lákòókò kan náà. Ẹni tó bá sọ iye tirẹ̀ kedere ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àwọn tí àwọn jọ ń ta ọjà kan náà yóò rí i, kí wọ́n má gbàgbé pé àwọn yẹn lè díbọ́n bí oníbàárà kí wọ́n sì béèrè nígbàkúùgbà. Iṣẹ́ tí iye rẹ̀ kì í dọ́gba, bíi ti káfíńtà tàbí ayàwòrán, ẹ kọ iye tó ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó ń mú un lọ sókè: irú igi, iye wákàtí, ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a á yà kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀yin náà á sì ráyè dá ẹni tó ṣe tán láti rà lóhùn.

Ní ti ohun tí à ń gbé síta, kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán lórí Instagram lè gùn dé lẹ́tà 2,200, àmọ́ nǹkan bíi 125 péré ló máa ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù. Nítorí náà, ẹ má fi ìkíni àti "a tún ti dé o" jẹ ibẹ̀ tán. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú àwòrán náà. Fídíò olóròó, ìwọ̀n píkísẹ́lì 1080 ní fífẹ̀ sí 1920 ní gíga ló dára jù; ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá torí orúkọ yín àti àwọn bọ́tìnì máa bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ sójú fídíò náà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí ohùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ lè ṣe fún ọdún kan sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ tó máa dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra ọmọlẹ́yìn (followers). Ètò tó ń yan ohun tí oníkálukú máa rí máa ń wo bí àwọn tó kọ́kọ́ rí nǹkan náà ṣe ṣe sí i kó tó gbé e fún àwọn mìíràn. Tí ìdajì ọmọlẹ́yìn yín bá jẹ́ àkáǹtì òkú, òkú kì í tẹ nǹkan, òkú kì í dáhùn. Ibẹ̀ ni ọjà yín máa kú sí. Ẹni tó ní ọmọlẹ́yìn 400 tó jẹ́ èèyàn gidi tó fẹ́ràn bàtà ń tà ju ẹni tó ra 40,000 lọ.

Inbox, ìyẹn ibi tí oníbàárà ti ń kọ̀wé sí yín, ni owó wà. WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp ti àwọn oníṣòwò, tó jáde ní ọdún 2018, ní àtẹ ọjà tó lè gba nǹkan 500, èèyàn sì lè kọ èsì àwọn ìbéèrè tó máa ń wá ní gbogbo ìgbà pamọ́ sínú rẹ̀, kó máa fi àmì / pè é jáde. Ó tún ní àmì aláwọ̀ téèyàn lè lẹ̀ mọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo mẹ́rin péré: ẹni tuntun, ẹni tó kù kó sanwó, ẹni tó ti sanwó, ẹni tó ti gba ọjà. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí àwọn tó kù kí wọ́n sanwó, kí ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ sì ń ṣàròyé pé broadcast àwọn, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kì í dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló máa rí i, ènìyàn 256 sì ni àkójọ kan lè gbà. Ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ rajà ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi nọ́ńbà yín pamọ́.

Ìpolówó olówó ńkọ́? Ó dára, bí ilé bá ti mọ́. Ohun tó ń gbé owó sọnù jù ni pé èèyàn yan "kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀" gẹ́gẹ́ bí àfojúsùn ìpolówó náà nígbà tó jẹ́ pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló ń wá. Ohun tí ẹ bá yan ni Facebook máa bá yín wá: ẹni tó máa ń tẹ àmì ìfẹ́ kiri yàtọ̀ sí ẹni tó máa ń kọ̀wé sí olùtajà. Ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ká ní ìpolówó kan mú èèyàn 40 wá, 8 nínú wọn kọ̀wé, 2 rà. Orí 2 yẹn ni kí ẹ pín owó ìpolówó sí, kì í ṣe orí 40. Bí ohun tó kan oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá ju èrè tẹ́ ẹ jẹ lórí ọjà kan lọ, ẹ dá a dúró, kí ẹ wo ibi tó ti jò. Bí àwọn 40 bá wá tí ẹyọ kan kò kọ̀wé, ojú ìwé yín ni kí ẹ tún wò.

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tàbí ìgbéga náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lórí LinkedIn, ojú òpó àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ìlà abẹ́ orúkọ gba lẹ́tà 220, síbẹ̀ "Mo ń wá iṣẹ́" ni ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ kì í wá "ẹni tó ń wá iṣẹ́". Oníṣirò owó ló ń wá, tàbí ẹni tó mọ Excel àti owó orí. Orúkọ iṣẹ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ. Kí ẹ sì fi ẹ̀rí iṣẹ́ hàn: ìṣòro tó wà nílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ṣe, ibi tó já sí, láìtú àṣírí ilé iṣẹ́ tàbí ti oníbàárà. Àmì Open to Work, tó ń sọ pé èèyàn ń wá iṣẹ́, ní oríṣi méjì. Ọ̀kan máa hàn sí gbogbo ayé, èkejì wà fún àwọn agbanisíṣẹ́ nìkan. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni èkejì yẹ fún, àmọ́ kó mọ̀ pé LinkedIn fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀gá rẹ̀ kò ní rí i.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ẹni tó fi ọdún márùn-ún kọ́ ojú ìwé, tó sì pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ọ̀nà kan náà ni: ọ̀rọ̀ kan wọlé sí inbox pé ẹ ti rú òfin, pé kí ẹ tẹ líǹkì yìí kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, oníjìbìtì ló fi í ránṣẹ́. Ẹ tan ààbò onípele méjì lónìí, èyí tó ń béèrè kóòdù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ lo áàpù tó ń mú kóòdù jáde dípò àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, kí ẹ sì kọ àwọn kóòdù ìpamọ́, tí ẹ máa fi wọlé bí fóònù bá sọnù, sórí bébà. Ojú ìwé Facebook kò gbọdọ̀ ní alábòójútó kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá ti àkáǹtì ẹni yẹn pa, ojú ìwé náà ti há nìyẹn.

Ilẹ̀ onílẹ̀ la wà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lọ gbári fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Vine, ojú òpó fídíò kúkúrú, kógbá wọlé ní ọdún 2017, Google+, ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ti Google, tẹ̀ lé e ní 2019. Orúkọ, nọ́ńbà àti ímeèlì àwọn oníbàárà tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé tàbí fáìlì tó jẹ́ tiyín. Kí ẹ kọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti gbọ́ nípa yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé yẹn á sọ ojú òpó tó ń mú owó wọlé fún yín.

Kí ẹ tó gbé fídíò mìíràn síta, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yín ní fóònù, kó wo ojú ìwé yín, kí ẹ ka ení dé àárùn-ún, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè: kí ni mò ń tà, ibo ni mo wà, báwo lo ṣe máa rà á? Èyí tí kò bá lè dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni iṣẹ́ yín fún òní.