Àtúnṣe: Ẹ má ṣí sáfà ímeèlì yín sílẹ̀ fún gbogbo ayé

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé àfi kí sáfà ímeèlì (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́) máa bá ẹnikẹ́ni fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbikíbi, kí òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ìrìnàjò tó lè rí tirẹ̀ fi ránṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1999 ni SMTP AUTH, ìlànà tí sáfà fi ń mọ ẹni tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, ti wà: òṣìṣẹ́ á gba port 587 (ẹnu ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fífi lẹ́tà ránṣẹ́) wọlé pẹ̀lú orúkọ àti password rẹ̀. Sáfà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn oníspam á sọ ọ́ di tiwọn, á wọ blacklist (àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tí àwọn mìíràn kì í gba lẹ́tà wọn), lẹ́tà gidi á wá máa padà sẹ́yìn. Oníbàárà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ẹ yẹ tiyín wò. Láti orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ kan port 25 (ẹnu ọ̀nà tí sáfà fi ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ sáfà mìíràn) láìlo password, kí ẹ kọ RCPT TO (àṣẹ tó ń sọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá) sí àdírẹ́sì tí kò sí lórí sáfà yín. Bí Postfix (ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń darí sáfà ímeèlì) bá dáhùn pé "Relay access denied", ó ti tì. Bó bá jẹ́ 250, ìyẹn ni pé ó gbà á, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.