Wọ́n Tú Ìgbéyàwó, Wọ́n Fi Ọmọ Sílẹ̀

Fọ́ọ̀mù tuntun ni wọ́n ní kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta nì lọ gbà nígbà tó padà sí kóòtù ìbílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oṣù kẹrin rèé tí bàbá àwọn ọmọ náà kò ti san kọ́bọ̀ nínú owó oúnjẹ tí kóòtù yẹn kan náà dá lé e. Wọ́n ní kó sanwó fọ́ọ̀mù, kó sanwó ẹni tí yóò gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ bá ọkùnrin náà, kó wá lọ jókòó de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ni yóò kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó bá a bi ajigbèsè!

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí, a tún un sọ, pé iṣẹ́ kóòtù kò parí síbi tí adájọ́ ti ní kí tọkọtaya máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo owó náà fúnra rẹ̀: N10,000 lóṣù fún ọmọ mẹ́ta. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, N111 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kò ra ẹyin kan. Láti 2024 ni òfin ti sọ N70,000 di owó oṣù tó kéré jù lọ, nítorí náà bí iyẹn bá tilẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń wọlé fún bàbá yìí, ìdá kan nínú méje rẹ̀ ni wọ́n ní kó fi bọ́ ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n páàtì mọ́tò ló ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Adájọ́ kò bi í ní iye tó ń pa. Abala 14 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá ti sọ di tiwọn, ní kí òbí tọ́jú ọmọ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Báwo ni kóòtù ṣe fẹ́ mọ agbára ẹni tí wọn kò bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo?

Ọ̀rọ̀ ilé tí tọkọtaya jọ kọ́ ló tilẹ̀ dùn wá jù. Ẹni tó bá ṣègbéyàwó alárédè lè di òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti 1970 mú, èyí tó fún adájọ́ Kóòtù Gíga lágbára láti pín dúkìá bó ṣe tọ́. Ẹni tí wọ́n san owó-orí rẹ̀ nínú àgbàlá bàbá rẹ̀ kò ní ohun tó jọ ọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n ń bi í. Nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu ní 1992, kóòtù tó ga jù lọ ní obìnrin tó sọ pé òun dá sí kíkọ́ ilé kò ṣàlàyé tó nípa ohun tó dá sí i, ọwọ́ òfo ló bá lọ. Obìnrin wo ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀? Ìyá tí à ń sọ yìí mú ìwé alájọ rẹ̀ wá sí kóòtù, etí ìwé náà ti ká, ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù. Ó nàka sí ọjọ́ tó kó ajọ, ó ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n já búlọ́ọ̀kù. Ó ka iye ìgbà tó pọnmi fún àwọn bíríkìlà lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn. Wọn kò tilẹ̀ gba ìwé náà wò. Orúkọ ọkọ ni oníbúlọ́ọ̀kù kọ sí rìsíìtì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

A kò gbè sẹ́yìn obìnrin nìkan. Àwọn bàbá wà tí wọ́n ń sanwó lóṣooṣù tí wọn kò sì fojú kan ọmọ, nítorí ohun tí adájọ́ kọ sílẹ̀ kò ju pé bàbá lè máa wá wò wọ́n. Kò kọ ọjọ́, kò kọ wákàtí, kò kọ ibi tí wọn yóò ti pàdé. Ọmọ á wọ bàtà láàárọ̀ Sátidé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ìyá ti lé bàbá padà ní títì. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìwé kóòtù ṣe pàtó, kó má di pé ọjọ́ gbogbo ni àwọn méjèèjì yóò máa fa ọ̀rọ̀ lórí ọmọ.

Kí owó ọmọ máa gba ọwọ́ akọ̀wé kóòtù kọjá. Oṣù tí kò bá wọlé, kí kóòtù fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pe ẹni tó yẹ kó san án, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́ ọmọ. Kí ìwé alájọ di ẹ̀rí, kí ẹnu aládùúgbò àti ti bíríkìlà náà di ẹ̀rí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn aṣòfin wa ní àbá òfin lórí nǹkan wọ̀nyí wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ wo? Ọjọ́ wo ni wọ́n jókòó lé e lórí gbẹ̀yìn? Ó ti sú wa o! Àwọn ọmọ tó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò lè dúró de ìgbìmọ̀.

Ìyá náà kò gba fọ́ọ̀mù. Ó ní owó tí òun ì bá fi gbà á ni òun fẹ́ fi kún owó ìdánwò àkọ́bí òun. À ń retí kí akọ̀wé kóòtù yẹn ránṣẹ́ pe bàbá àwọn ọmọ náà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ó mọ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì.