Ẹ má fi gbèsè san gbèsè

Òótọ́ lẹ kọ pé àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù ń ti àwọn èèyàn sínú gbèsè. Ohun tó ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn wa ṣe ń yá ti kejì láti fi san ti àkọ́kọ́. Ẹni tó gba ₦20,000, tó máa dá ₦26,000 padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ₦6,000 ti wọgbó nìyẹn. Alájọ tó ń gba ₦500 lójoojúmọ́ ńkọ́? ₦500 péré ló máa yọ nínú ₦15,000 lópin oṣù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ayánilówó bá sì ń pe ọ̀gá tàbí àna yín láti dójú tì yín, ẹ fẹjọ́ wọn sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà; òfin ò fàyè gbà á.