ERA kọ́ ló ń mú kí ọlẹ̀ dúró

Àbúrò mi kan pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní àwọn ò ní gbé ọlẹ̀ sí mi nínú lóṣù yìí mọ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ ṣe ERA, pé ẹni tí kò bá ṣe é, ńṣe ló ń da ọmọ rẹ̀ nù." IVF ló ń ṣe, ìyẹn ni pé wọ́n ń da ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ní láàbù, ọlẹ̀ tó bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé sínú ilé ọmọ. Ọlẹ̀ mẹ́ta ló kù fún un nínú fírísà ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì gbé ọ̀kan sí i nínú tí kò dúró. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gba ìtọ́jú ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, dókítà sì fọwọ́ sí i. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, mo ti gbọ́ ọ nídìí ìsọmọlórúkọ. Ó ti sú mi.

Ẹni tí kò bá mọ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ERA, bó ṣe rí nìyí. Wọ́n á fún obìnrin ní họ́mónù estrogen kí awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ lè nípọn, wọ́n á fi họ́mónù kejì, progesterone, tẹ̀ lé e, bíi pé wọ́n fẹ́ gbé ọlẹ̀ wọlé. Tó bá di ọjọ́ tó yẹ kí ọlẹ̀ wọlé, wọ́n á já díẹ̀ nínú awọ náà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí láàbù. Láàbù á yẹ àwọn jíìnì inú rẹ̀ wò (238 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwádìí àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde láti Valencia, ní Sípéènì, ní 2011), wọ́n á sì sọ bóyá awọ náà ti ṣetán láti gba ọlẹ̀, bóyá kò tíì ṣetán, tàbí bóyá àsìkò ti kọjá lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò tíì ṣetán, o máa fi wákàtí 12 tàbí 24 kún progesterone rẹ nígbà tó bá kan gbígbé ọlẹ̀ gan-an. Oṣù yẹn ti lọ nìyẹn, nítorí wọn kì í gbé ọlẹ̀ síbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

Àlàyé náà dùn-ún gbọ́ létí. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi ní 2019. Ọlẹ̀ mi àkọ́kọ́ kò dúró, wọ́n ní ilé ọmọ mi ló ń kọ̀ ọ́. Ọkọ mi ta ọkọ̀ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ kí a tó rí owó náà san. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa já a, nọ́ọ̀sì ní kí n wúkọ́. Bí mo ṣe wúkọ́ ni wọ́n ti ọ̀pá rọ́bà kan wọlé, tí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta lọ, mo sì di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Wọ́n gbé ìgò kékeré kan sókè síbi iná kí n lè rí i: ẹran pupa tínńtín kan nínú omi.

Èsì dé, wọ́n ní n kò tíì ṣetán, kí n fi wákàtí 12 kún un. Nítorí náà, dípò kí n bẹ̀rẹ̀ progesterone ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkọ mi ló tan tọ́ọ̀ṣì sí mi ní bálùwẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ó ku ìṣẹ́jú kan." A kò yẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ní kí a ṣe. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọlẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ dé.

Ọsibítù mìíràn ni mo ti gba ọlẹ̀ kẹta. Dókítà àgbà tó wà níbẹ̀ wo ìwé ERA mi, ó pa á dé, ó ní àsìkò tí gbogbo èèyàn ń lò ni àwọn máa lò. Ọlẹ̀ yẹn ni ọmọbìnrin tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹnì kan á ní ìtàn tèmi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a fi tèmi sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tó yẹ kó ti pa ẹnu gbogbo wa dé. Obìnrin 767 ni, ọjọ́ orí wọn wà láàárín 30 sí 40, kálukú wọn sì ní ọlẹ̀ tí wọ́n ti yẹ kírómósómù rẹ̀ (okùn tó gbé àwọn jíìnì) wò tó pé. Gbogbo wọn ni wọ́n ṣe ERA fún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pín wọn sí méjì bí ẹni ṣẹ́ gègé: ẹgbẹ́ kan gba ọlẹ̀ ní àsìkò tí ERA sọ, ẹgbẹ́ kejì gbà á ní àsìkò tí gbogbo èèyàn ń lò, ohun yòówù tí ERA ì báà sọ. Àwọn obìnrin náà kò mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, àwọn dókítà wọn náà kò mọ̀.

Nínú 381 tó tẹ̀ lé ERA, 223 bí ọmọ láàyè. Ìdá 58.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Nínú 386 tí wọn kò tẹ̀ lé e, 239 bí ọmọ láàyè, ìdá 61.9. Ẹ tún un kà. Àwọn tí ERA sọ pé ilé ọmọ wọn kò tíì ṣetán wà nínú ẹgbẹ́ kejì yẹn, wọ́n gbé ọlẹ̀ sí wọn nínú bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ wọn kò sì kẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kéré débi pé ó lè ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò ní sọ pé ERA ń ba ọlẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò rí ọmọ kan ṣoṣo tó fi kún un.

Wọ́n á ní, "Ṣebí lágbájá ṣe é, ó sì lóyún." Ó lóyún lóòótọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 wo obìnrin 4,429 tí wọ́n ń gbé ọlẹ̀ tó pé sí nínú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà àkọ́kọ́, ìdá 64.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló bí ọmọ. Nígbà tí àwọn tí tiwọn kò dúró padà wá gba ìkejì, ìdá 54.4 bí. Àwọn tó dé ìkẹta, ìdá 54.1. Ju ìdajì lọ nínú àwọn tí àkọ́kọ́ já kulẹ̀ fún ni ìkejì dúró fún. Ohunkóhun tí o bá fi sáàárín ọlẹ̀ kìíní àti ìkejì, ì báà jẹ́ ERA, ì báà jẹ́ àgbo, òun ló máa gba ọpẹ́ ọmọ náà.

Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí ìwádìí tí àwọn tó ni àyẹ̀wò yìí fúnra wọn ṣe, tó jáde ní 2020, obìnrin 458. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ẹni tó wọlé, kò sí ìyàtọ̀ gidi. Àwọn tó ṣẹ́ kù títí dé òpin nìkan ni wọ́n wá fi ń polówó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ti jáde kúrò lójú ọ̀nà. Mi ò ní lo àkókò mi lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé ọmọ ń ṣí fún wákàtí díẹ̀ tó sì ń pa dé náà ń bí mi nínú. Ní 1999, àwọn oníwàádìí tọpa oyún tí àwọn obìnrin ní fúnra wọn, wọ́n rí i pé láàárín ọjọ́ kẹfà sí ìkejìlá lẹ́yìn tí ẹyin bọ́ ni ọlẹ̀ ń so mọ́ ilé ọmọ, èyí tó pọ̀ jù ní ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹwàá. Odindi ọjọ́ mẹ́ta! Èmi sì ń dúró ní bálùwẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mò ń ka ìṣẹ́jú.

Ẹni tí ọlẹ̀ tó dára ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, lè sọ pé ìwádìí JAMA kò dìídì kó irú òun jọ. Òótọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ESHRE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìbímọ ní Yúróòpù, wo gbogbo rẹ̀ ní 2023, wọn kò dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò yìí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba ọlẹ̀. Àbúrò mi kò sì sí lára àwọn yẹn rárá.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi sá fún scan o. Kí wọ́n wo bí awọ náà ṣe nípọn tó, kí wọ́n wo bóyá fáíbírọ́ìdì tàbí ẹran kékeré kan yọ sínú ilé ọmọ, ìyẹn ṣe pàtàkì, ojú ń rí i.

Mo ní kí àbúrò mi bi dókítà rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìwádìí wo ló fi hàn pé ẹni tó bá tẹ̀ lé ERA ń bí ọmọ ju ẹni tí kò tẹ̀ lé e lọ? Kí wọ́n sì kọ owó ERA náà sí bébà kan fún un, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n máa gbà láti gbé ọlẹ̀ kan sí i. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí dókítà má bínú sí òun. Mo ní màá bá a lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa pàdé níbẹ̀.